Bí mo ṣe ń sọ ìtàn Ọba Penda fún àwọn ọmọ ní alẹ́ mẹ́ta

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Tísà ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bó bá ti di Disẹ́ńbà, tí àwọn ọmọ bá ti Àbújá àti Èkó wọlé dé sí Ìsánlú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni wọ́n ń wọ́ sí lálẹ́, nítorí iná sólà mi kì í tètè kú, àti nítorí kajú tí mo máa ń yan pamọ́. Ìtàn ìjàpá ti sú wọn. Ogun Núpé, wọ́n ti gbọ́ ọ débi pé àwọn ni wọ́n ń bá mi parí ọ̀rọ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo bá gbé Penda jáde, ọba Mercia, jagunjagun tó jẹ láàrín àwọn Anglo-Saxon, baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ ilẹ̀ Ẹ́ńgíláǹdì rárá. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kí wọ́n tó kí mi tán, "Màmá, Penda ńkọ́?" Òbí méjì kan àti tísà kan ní Kàbà ní kí n kọ bí mo ṣe ń sọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn náà dán an wò. Ó gba alẹ́ mẹ́ta. Ẹ má gbìyànjú láti parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ṣe é rí, gbogbo wọn ló sùn lọ kí ọba tó kú.

Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ìtàn. Penda kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, àwọn ará ààfin rẹ̀ náà kò kọ ọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, ọwọ́ Bede ló ti wá, mọ́ńkì kan tó gbé ayé rẹ̀ ní Jarrow ní ilẹ̀ Northumbria, tó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 731. Northumbria yìí gan-an ni Penda jó, ọba ibẹ̀ méjì ló pa. Mọ́ńkì ni Bede, abọ̀rìṣà ni Penda títí ó fi kú. Ọmọ ọ̀tá ló mú kálàmù dání. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ẹ má fi í dúró de ìparí. Ọ̀nà tí mo ń gbà sọ ọ́ ni pé mo máa ń bi wọ́n léèrè pé, "Bí ìwọ àti àbúrò rẹ bá jà, tó jẹ́ àbúrò rẹ nìkan ni mo gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ni màá gbọ́?" Ariwo tó máa ń tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwa náà ní irú ẹ̀. Ẹ béèrè ogun Núpé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ìyàgbà tàbí ní Bùnú, yóò sọ fún yín bí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe ń kó ọmọ ènìyàn lọ, bí àwọn baba wa ṣe sá gun òkè, títí di ọdún 1897 tí Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà. Ẹ lọ béèrè ogun kan náà ní Bídà, ẹ ó gbọ́ òmíràn.

Orúkọ ló ń pa ìtàn yìí tí ẹ kò bá ṣọ́ra. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn kí orúkọ bàbá, ọmọ àti àbúrò máa jọra bí ẹyin adìẹ. Ẹni mẹ́jọ péré ni mo ń dárúkọ ní alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ rántí: Penda, Edwin, Cadwallon, Oswald, Oswiu, Aidan, Peada, àti Wulfhere ní ìparí. Àwọn yòókù, mo máa ń pè wọ́n ní "ọba ìlà-oòrùn," "ọba gúúsù," ó sì tán. Oswald àti Oswiu, ọmọ ìyá ni mo máa ń sọ pé kí ọmọ méjì tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lóòótọ́ jẹ́, kí wọ́n má bàa pàdánù wọn. Penda àti Peada, bàbá àti ọmọ: ẹni tó bá jẹ́ Penda ni yóò dé fìlà. Ẹ má jẹ́ kí fìlà yẹn kúrò lórí rẹ̀ o. Lọ́dún àkọ́kọ́, fìlà ń ti orí dé orí, nígbà tó di alẹ́ kejì kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ti kú mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya ilẹ̀ náà sí àgbàlá. Ẹ bu omi wọ́n ilẹ̀, ẹ gbá a, kí erùpẹ̀ lè gba ìlà. Àríwá gbọ́dọ̀ jẹ́ àríwá lóòótọ́. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ ní àgbàlá yín, ẹ bi ẹni tó máa ń sá aṣọ. Odó ni mo ń gbé sí àárín, òun ni Mercia. Northumbria wà lókè, ní ọ̀nà géètì mi. East Anglia wà ní ìlà-oòrùn, nídìí gúáfà. Wessex wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá kànga. Ilẹ̀ Wales, níbi tí Cadwallon ti jẹ ọba Gwynedd, wà ní ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ilé ìdáná. Mo máa ń fi eérú ya etí òkun, mo sì máa ń gbé òkúta ńlá kan sí etí eérú náà ní òkè pátápátá. Bamburgh nìyẹn, ìlú ọba Northumbria, tó wà lórí àpáta létí òkun. Ẹ má ṣe mú òkúta kékeré, nítorí alẹ́ kejì.

Nígbà tí odó bá ti jókòó, ẹ sọ ìtumọ̀ Mercia fún wọn: àwọn ará ààlà. Kò sí ọmọ tó ti Ìsánlú tàbí Kàbà jáde tí èyí ń ṣe àjèjì sí. Núpé wà lókè wa, Ebira wà lápá ibí, Èkìtì àti Ìgbómìnà wà lápá ọ̀hún, bí o bá sì rìn jìnnà díẹ̀ o ti bá Ìgalà lódìkejì odò Ọya. Ẹni tó wà láàrín, orí ilẹ̀ rẹ̀ ni ogun gbogbo ayé ń gbà kọjá. Penda ni ọba ààlà tó kọ̀ kí wọ́n máa gba ilẹ̀ òun kọjá, òun ló wá ń gba ti àwọn ẹlòmíràn kọjá.

Alẹ́ kìíní

Ẹ fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ìyá àgbà. Ìwé ìtàn ọdọọdún tí àwọn Anglo-Saxon ń kọ sọ pé ọdún 626 ni Penda gorí oyè, pé ó jọba fún ọgbọ̀n ọdún, pé ẹni àádọ́ta ọdún sì ni nígbà tó jẹ. Ẹ ní kí àwọn ọmọ rò ó. Ọdún 655 ló kú, lójú ogun, ní iwájú ọmọ ogun rẹ̀. Á jẹ́ pé bí ẹni ọgọ́rin ọdún ló wà lórí ẹṣin nígbà náà, tó tún ní ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n kò tíì hù fún. Ẹ ó rí i pé ilé á pín sí méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, bàbá àgbà òun ní Ẹ̀gbẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin, ó ṣì ń kọ ebè. Òmíràn dá a lóhùn pé ebè kì í fi ọ̀kọ̀ gún ènìyàn padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á. Nígbà tó bá pẹ́, ẹ sọ fún wọn pé àwọn onítàn kan rò pé akọ̀wé ló gbé àádọ́ta yẹn sí ibi tí kò yẹ, pé ọjọ́ orí Penda nígbà tó kú ni. Ohun tí mo ń wá níbẹ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́: wọ́n ti mọ̀ pé ìwé lè ṣàṣìṣe, pé orí tiwọn náà lè mú un.

Penda gbà pé ọmọ Woden ni òun, bí àwọn ọba Anglo-Saxon mìíràn ṣe ń ka ìran wọn dé ọ̀dọ̀ òrìṣà náà. Bí ọmọ bá bi yín pé ta ni Woden, ẹ sọ fún un pé òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọjọ́ tí àwa ń pè ní Ọjọ́rú lórúkọ, òun náà sì ń pe orúkọ òrìṣà yẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nílé ìwé. Wọ́n á là lójú gbà!

Ní 628, Penda bá Wessex jà ní Cirencester. Ẹ yára kọjá ibẹ̀. Ibi tí ẹ ń lọ ni 633. Edwin, ọba Northumbria, ni ọba tó lágbára jù ní gbogbo ilẹ̀ náà nígbà náà. Ó ti gba ìrìbọmi ní 627. Cadwallon láti Wales dìtẹ̀ mọ́ ọn, Penda sì bá Cadwallon lọ. Wọ́n pàdé ní Hatfield ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ́kítóbà, wọ́n pa Edwin, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, wọ́n sì tú ogun rẹ̀ ká. Ní ọ̀dọ̀ mi, ẹni tó jẹ́ Cadwallon á ti ilé ìdáná jáde pẹ̀lú ọmọrogùn, ẹni tó jẹ́ Penda á dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, wọ́n á jọ gba ọ̀nà géètì.

Ẹ dúró níbí. Kristẹni ni Cadwallon. Kristẹni ni Edwin. Abọ̀rìṣà ni Penda, òun àti Kristẹni kan ló sì jọ pa Kristẹni kejì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan sùn pẹ̀lú èrò pé ogun ẹ̀sìn ni wọ́n ń jà. Bede pàápàá, ọ̀rọ̀ tó fi gún Cadwallon le ju èyí tó fi gún Penda lọ níbẹ̀. Ó ní orúkọ Kristẹni ló ń jẹ́, ìwà ẹhànnà ló ń hù, kò sì ṣàánú obìnrin tàbí ọmọdé.

Kí ẹ tó ní kí wọ́n lọ sùn, ó ku ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ọmọ Edwin kan sá lọ bá Penda. Penda búra pé kò sí ohun tí yóò ṣe é. Nígbà tó yá, ó pa á. Mo mọ tísà kan tó ń fo ibẹ̀ nítorí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ fẹ́ràn Penda. Ẹ sọ ọ́. Ẹni tó sá wá bá ẹ, tó jẹ oúnjẹ ẹ, ìwọ náà lo tún pa á? Wọ́n á bínú sí Penda lọ sórí ẹní. Kò burú. Ẹ kúkú fẹ́ kí wọ́n padà wá lọ́la.

Alẹ́ kejì

Ọba mìíràn ti wà ní Northumbria: Oswald. Òun ló pa Cadwallon, lẹ́yìn tí ìyẹn ti ba ilẹ̀ náà jẹ́ fún bí ọdún kan. Ó jọba dáadáa. Ó ránṣẹ́ pe àwọn mọ́ńkì láti Iona, erékùṣù kan ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, wọ́n rán Aidan sí i, Bede sì sọ pé nígbà tí Aidan bá ń wàásù tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ọba fúnra rẹ̀ ló ń dúró ṣe ògbufọ̀ fún un. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn púpọ̀. Ẹ fojú inú wò ó, Kábíyèsí ń túmọ̀ ìwàásù fún àwọn ìjòyè!

Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 642, Penda pa Oswald ní Maserfield. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Penda ní kí wọ́n gé orí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi wọ́n kọ́ sórí òpó. Bí ọmọ kékeré bá wà níbẹ̀, ẹ sọ pé wọn kò jẹ́ kí wọ́n sin ín, ó tó. Àwọn tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún kan gbáko ni orí náà wà níbẹ̀ kí Oswiu, àbúrò rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, tó kó ogun wọ ibẹ̀ wá gbé e. Ó sin orí sí Lindisfarne, erékùṣù tí ilé àwọn mọ́ńkì Aidan wà, ó gbé ọwọ́ lọ sí Bamburgh. Ọmọ tó bá ti dé ìsìnkú àgbàlagbà ní Bùnú rí, tó rí aṣọ ìpò pupa, kò ní béèrè lọ́wọ́ yín ìdí tí ènìyàn fi lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí orí àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí sí Èkó ló máa ń béèrè. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́. Ìlú kan wà lẹ́bàá ààlà Wales tí wọ́n ń pè ní Oswestry, igi Oswald ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ibẹ̀ ni Maserfield.

Ó wá kan òkúta ńlá etí eérú. Ibi tí alẹ́ kejì dùn sí nìyí, ẹ má yára. Penda gòkè wá, ó ń jó ilẹ̀ Northumbria bọ̀, títí ó fi dé Bamburgh. Ìlú orí àpáta ni. Ó kọlù ú, kò wọ̀ ọ́. Ó dó tì í, kò wọ̀ ọ́. Ló bá ní kí wọ́n wó gbogbo abúlé tó wà nítòsí. Wọ́n kó igi àjà, igi ìgànná, ọ̀pá tí wọ́n fi hun ògiri, koríko òrùlé, wọ́n tò ó jọ gègèrè ti ara odi, wọ́n dúró de atẹ́gùn. Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ kọjú sí ìlú, wọ́n ṣáná sí i.

Erékùṣù kan wà nínú òkun, kò tó máìlì méjì sí ìlú náà, Farne ni wọ́n ń pè é. Aidan máa ń lọ síbẹ̀ lọ dá gbàdúrà. Ibẹ̀ ló wà tó rí èéfín àti ọwọ́ iná tó ga ju odi lọ. Ó gbójú sókè pẹ̀lú omijé, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí Olúwa wo bí ibi tí Penda ń ṣe ti pọ̀ tó. Atẹ́gùn yí padà. Iná kọjú sí àwọn tó dá a, ó jó wọn, ó bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n sá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná gidi. Ọyẹ́ ń jà ní Disẹ́ńbà, koríko ti gbẹ. Lọ́dún kejì, ọmọ kan ti fi ìṣáná pamọ́ sápò, ó ti kó ewé gbígbẹ ti ẹ̀yìn òkúta náà kí n tó mọ̀, abà àgbàdo aládùúgbò mi sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí wa. Oògùn ẹ̀fọn tó ń rú èéfín ni mo ń lò báyìí. Mo máa ń gbé e sí ìdí òkúta, a ó sì máa wo ibi tí èéfín ń lọ. Nígbà mìíràn ó máa ń yí padà lóòótọ́ ní àkókò tí Aidan gbọ́wọ́ sókè, ẹ ó gbọ́ igbe!

Àwọn ọmọ àgbẹ̀ kì í rò ó pẹ́. Wọ́n ti bá bàbá wọn sun oko rí, wọ́n mọ̀ pé bí atẹ́gùn bá ṣẹ́rí, ẹni tó dáná ló ń sá. Wọ́n á ní iṣẹ́ atẹ́gùn ni. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin á ní iṣẹ́ àdúrà ni. Èmi kì í dá sí i. Mo kàn máa ń rán wọn létí ẹni tó kọ ọ́.

Ohun méjì wà tí mo máa ń fi ṣe ìpanu kí wọ́n tó lọ. Ọba Wessex fẹ́ àbúrò Penda obìnrin, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ ẹlòmíràn. Penda lé e kúrò lórí ìtẹ́, ọdún mẹ́ta ló fi wà ní ìgbèkùn ní East Anglia. Àwọn ọmọbìnrin máa ń pàtẹ́wọ́ níbí, wọ́n á dárí jì í fún ọmọ Edwin. Èkejì ni ti ọba East Anglia kan tó ti fi oyè sílẹ̀, tó ti wọ ilé àwọn mọ́ńkì. Nígbà tí Penda ń bọ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ wọ́ ọ jáde tipátipá kó wá ṣáájú ogun kí ọkàn àwọn ọmọ ogun lè balẹ̀. Ó kọ̀ láti mú ohun ìjà. Ọ̀pá lásán ló mú dání. Wọ́n pa á, wọ́n pa ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Alẹ́ kẹta

Ẹ fi ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn wọn lè rọ̀. Ní nǹkan bíi 653, Peada, ọmọ Penda, tí bàbá rẹ̀ ti fi ṣe olórí àwọn Middle Angles, àwọn ènìyàn kan lábẹ́ Mercia, lọ tọrọ ọmọ Oswiu. Ọmọ Oswiu, tí Penda pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń tọrọ o. Oswiu ní àfi bó bá gba ìrìbọmi, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Peada gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, ó ní bí wọn kò tilẹ̀ fún òun ní ọmọbìnrin náà mọ́, òun á gbà á. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì kó àlùfáà mẹ́rin padà wálé. (Ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà ti kọ́kọ́ fẹ́ ọmọbìnrin Penda kan tẹ́lẹ̀. Àna ni wọ́n, wọ́n sì ń para wọn. Ẹ má jẹ́ kí èyí ya ọmọ yín lẹ́nu, ó ti ṣẹlẹ̀ nílé tó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ.)

Ẹ bi àwọn ọmọ náà: kí ni Penda máa ṣe sí àlùfáà mẹ́rin yìí? Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn dáhùn. Ní ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti gé orí wọn, wọ́n ti jó wọn, ọ̀kan ní kí wọ́n jù wọ́n sí kànga.

Penda kò ṣe nǹkan kan. Bede ló sọ ọ́: kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wàásù ní Mercia, kò sì dí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn tó kórìíra ni àwọn tó ti gba ìgbàgbọ́ tán tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò bá a mu. Ó ní ẹni ẹ̀gàn ni ẹni tí kò lè gbọ́ràn sí Ọlọ́run tó ní òun gbà gbọ́ lẹ́nu.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ẹ jẹ́ kajú. Ọmọ ọ̀tá ló mú kálàmù dání, kò sí ẹni tó fipá mú un, ó lè fi gbólóhùn yẹn sílẹ̀, ayé kò ní mọ̀. Ó kọ ọ́. Nígbà tí ẹni tó kórìíra ènìyàn bá sọ ohun rere kan nípa rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ fi etí sí.

Ìyá ìyá mi, bó bá ń sọ ogun Núpé, èpè ló fi ń bẹ̀rẹ̀, èpè ló fi ń parí. Ìyá rẹ̀ ló wà nínú ìtàn náà, ọmọdé nígbà náà, tí wọ́n gbé pamọ́ sẹ́yìn àká iṣu nítorí àyè kò sí láti gun òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà níta. Ẹlẹ́ṣin kan dé, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wò ó pẹ́, ó yí ẹṣin rẹ̀ padà, ó sì kígbe sí àwọn yòókù pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Màmá àgbà kì í sọ ohun kan lé e. Ó kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ èpè rẹ̀ padà. Àmọ́ kò fo ibẹ̀ yẹn rí. Alẹ́ kẹta nìkan ni mo ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, níbí yìí, kì í ṣe nígbà tí mo bá ń sọ ìtàn ogun Núpé fúnra rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wá bá yín pé ẹ ń fi ìtàn abọ̀rìṣà kọ́ ọmọ nígbà Kérésì, bí alàgbà kan ṣe wá bá mi, ẹ ka gbólóhùn Penda yẹn sí i létí, kí ẹ sì bi í bóyá ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Tèmi jókòó, ó gba kajú, ó gbọ́ ìtàn náà parí.

Ẹ fi ti Oswiu náà sí i kí ogun tó dé, kí wọ́n má bàa rò pé ènìyàn mímọ́ ló kù lápá kejì. Ní 651, ó ní ìbátan kan tó jẹ ọba apá gúúsù Northumbria. Ìyẹn rí i pé ogun òun kò tó, ó ní kí àwọn ọmọ ogun òun máa lọ sílé, ó lọ fara pamọ́ sílé ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ náà dalẹ̀ rẹ̀, Oswiu sì ní kí wọ́n pa á.

Ogun wá dé. Ọdún 655, Penda kó ogun jọ, ọgbọ̀n balógun tó jẹ́ ọmọ ọba tàbí olórí ogun ló tẹ̀ lé e. Mo máa ń ka ọgbọ̀n kajú tí a kò tíì pa sílẹ̀ yí odó ká, a ó jọ kà á sókè. Oswiu rí i pé apá òun kò ká a, ó fẹ́ fi ìṣúra tí kò lóǹkà bẹ̀ ẹ́ kó padà sílé. Penda kọ̀. Oswiu ní bí abọ̀rìṣà kò bá gba ẹ̀bùn wa, ẹ jẹ́ ká gbé e fún ẹni tó máa gbà á. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ilẹ̀ méjìlá fún ilé àwọn mọ́ńkì, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ jòjòló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan fún Ọlọ́run. Ọmọkùnrin rẹ̀ mìíràn wà ní ilẹ̀ Mercia lọ́dọ̀ olorì Penda, tí wọ́n fi dógò. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi béèrè ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Mo ní olorì ni, Cynewise ni orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ń fún un tó?" Ẹ rí i pé ẹ ti ní ìdáhùn yín sílẹ̀.

Odò Winwæd ni wọ́n ti pàdé, ní agbègbè Leeds, ní ọjọ́ 15 oṣù Nòfẹ́ńbà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọba Gwynedd kan ti kó ogun rẹ̀ sá lọ lóru. Ẹ mú kajú kan kúrò. Ọmọ Oswald, tó ti ń ṣamọ̀nà fún Penda láti gbógun ti ilẹ̀ ara rẹ̀, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wò wọ́n níran títí ogun fi parí. Ẹ mú òmíràn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, odò ti ń fà ní Nòfẹ́ńbà, ẹ ní láti sọ fún wọn pé ní ibẹ̀ òjò ló ń rọ̀. Odò kún àkúnya, ó bo bèbè. Ogun Penda fọ́, wọ́n ń sá, àwọn tí omi gbé sì pọ̀ ju àwọn tí idà pa lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbọ̀n balógun náà kú. Penda kú, wọ́n gé orí tirẹ̀ náà.

Fún omi yìí, ìgò omi kan ti tó. Garawa ni mo dà lọ́dún àkọ́kọ́. Ó gbé Mercia, ó gbé Northumbria, ó gbé Wales wọ ilé ìdáná, bàtà ọmọ mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n á béèrè góòlù. Wọ́n kì í gbàgbé góòlù. Ẹ sọ fún wọn pé ní oṣù Júláì ọdún 2009, ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ wá irin nínú oko kan lẹ́bàá Hammerwich, ní ilẹ̀ tó jẹ́ Mercia láyé àtijọ́, rí góòlù tó tó bíi kílò mẹ́rin àti fàdákà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé. Ohun ìṣọ̀ṣọ́ ara idà ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí ẹ̀gbà ọrùn obìnrin kan. Ayé bíi ti Penda àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti wá. Wọ́n ra gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù 3.285 owó pọ́ùn, ẹni tó rí i àti olóko jọ pín in. Ẹ má sọ pé ti Penda ni. Kí ẹ sì lọ dá ẹnì kan dúró síbi ebè kókò yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tèmi, wọ́n ti wú u tán kí n tó jí.

Ó ku Wulfhere. Oswiu gba Mercia. Ó fi apá kan sílẹ̀ fún Peada tó jẹ́ àna rẹ̀, wọ́n sì pa Peada nígbà Àjíǹde ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé ilé Penda ti run. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Mercia mẹ́ta ti gbé ọmọkùnrin Penda kan pamọ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi fi í pamọ́. Ní 658, wọ́n lé àwọn tí Oswiu fi jẹ olórí lé wọn lórí, wọ́n sì fa ọmọ náà jáde: ọba yín nìyí.

Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀ yẹn, kò sí ọmọ tó máa jókòó mọ́. Gbogbo wọn á fẹ́ jẹ́ Wulfhere, wọ́n á sá lọ fara pamọ́. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ní Disẹ́ńbà tó kọjá, mọ́kànlá ni wọ́n wá, mẹ́wàá ni mo kà. A fi tọ́ọ̀ṣì wá ilé, a wá àgbàlá, a dé ìdí kànga. Ẹ̀yìn àpò ìrẹsì ní ilé ìdáná ni a ti bá a, ó ti sùn, ó ṣì di ẹnu ara rẹ̀ mú.